Ẹ fi inú abẹ́ yín sílẹ̀: bí a ṣe ń tọ́jú bakitéríà rere tó ń gbé ojú ara obìnrin

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, mo sì máa là á bó ṣe rí torí ìtìjú yìí ti ná ọ̀pọ̀ wa lówó, ó sì ti ná àwọn míì ní ìlera wọn. Adó-Èkìtì níbí ni mò ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ mi, odindi ọdún méjì ni mo fi lé e tí kò lọ, mo lo oògùn, mo gba abẹ́rẹ́, mò ń jókòó sórí omi gbígbóná láàárọ̀ lálẹ́, mò ń ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́ dénú, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ náà ló ń le sí i, ó dé ibi pé tí ọkọ mi bá wọlé mo máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí àga. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló jókòó tì mí níjọ́ kan tó ní, "Ìyá Tóbi, fi inú ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń gbébẹ̀ tí wọ́n ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀, ìwọ lò ń lé wọn jáde." Gbólóhùn yẹn ló tú mi sílẹ̀, òun náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì? Yèyé mi máa ń rẹ àgbàdo sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á fi í sílẹ̀ kó tòrò. Kò da nǹkan kan sí i o, fúnra ẹ̀ ló ń kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ike láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó rí omidùn lókè pẹ̀lú ìfóófó wẹ́wẹ́ létí ike, òórùn kíkan yẹn á sì gba imú yín. Bakitéríà ló ṣe é. Oríṣiríṣi wọn ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń ṣe iṣẹ́ jù, wọ́n ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ráyè.

Ìdílé yẹn náà ló ní àwọn ọmọ ìyá tó ń gbé ojú ara obìnrin. Tí ọmọbìnrin bá ti ń bàlágà, họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní estrogen á jẹ́ kí awọ inú ojú ara ẹ̀ nípọn, awọ yẹn á wá máa kó oúnjẹ kan tó jẹ́ ẹbí ṣúgà pamọ́, glycogen ni wọ́n ń pè é. Òun ni ilé oúnjẹ wọn. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, gbogbo inú ibẹ̀ á kan, àwọn kòkòrò burúkú ò sì ní lè fìdí jókòó. Dókítà ará Jámánì kan, Albert Döderlein, ló ṣàlàyé wọn fáyé lọ́dún 1892, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní àádóje ọdún, síbẹ̀ a ṣì ń fi iyọ̀ àti káfúrà bá wọn jà.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni pH. Omi lásán wà ní 7, bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà yẹn ń lọ sílẹ̀. Ojú ara tí ara ẹ̀ balẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3.8 sí 4.5. Ẹ di nọ́ńbà yẹn mú torí a máa padà sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ lọ mú pátá dúdú tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, ẹ wo àárín ẹ̀, ibi tó máa ń kan abẹ́ gan-an, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ibẹ̀ ti ṣí, ó ti pọ́n bíi pé búlíìṣì ta sí i. Mo ti bínú ju irú pátá bẹ́ẹ̀ nù rí, mo rò pé àrùn tó wà lábẹ́ mi ló ti ń jẹ aṣọ. Àṣé ásíìdì yẹn ni! Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni.

Àmọ́ ẹ má fi ara yín wé ti ẹlòmíì o. Lọ́dún 2011, Jacques Ravel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 396 tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni Lactobacillus pọ̀ jù lára wọn, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú pàápàá, àwọn tí bakitéríà oríṣiríṣi wà lára wọn tí pH wọn sì ga ju ti àwọn yòókù lọ kò kéré, ara wọn sì le. Torí náà tí abẹ́ yín ò bá rùn, tí kò yún yín, tí kò ta yín, tí kò sí ìrora, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín lóògùn.

Omi tó ń jáde náà, tí wọ́n ń pè ní dísháàjì, kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni ojú ara fi ń fọ ara ẹ̀, ó ń kó àwọn awọ tó ti kú jáde. Tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, tó bá di àárín oṣù á máa yọ̀, á máa fà bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù, lẹ́yìn ìyẹn á ki, á funfun. Nínú oyún ó máa ń pọ̀ sí i. Tó bá gbẹ sára pátá ó lè dà bíi yẹ́lò díẹ̀. Ó ní òórùn náà, òórùn tó kan fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí abẹ́ tó yẹ kó máa ta sánsán bíi òdòdó, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ní nǹkan tó ń tà.

Kí ló wá ń lé àwọn tó ń gbébẹ̀ jáde? Ọwọ́ àwa fúnra wa ló ṣáájú. Ọjà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá dé, ìbáà ṣe Adó níbí, ìbáà ṣe Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń polówó nǹkan tí wọ́n ń fi sábẹ́, àlọ́ọ̀mù ni o, káfúrà ni o, páwúdà tó ń fún abẹ́ pọ̀, ọṣẹ tó ń fọ ilé ọmọ, ká má tíì sọ ti àwa tí à ń dá tiwa ṣe nílé, omi iyọ̀, ọṣẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọyín, aáyù tí wọ́n bó tí wọ́n tì bọ inú ibẹ̀ sùn mọ́jú, àti àwọn omi apakòkòrò tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá bu nǹkan wọ̀nyí sínú, ẹ ń fọ ásíìdì yẹn dànù, ẹ ń pa Lactobacillus, àwọn burúkú tó ti ń wá àyè á kún ibẹ̀, òórùn á dé, òórùn yẹn lẹ tún máa fọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe ń yí po nìyẹn, ọdún méjì ló fi yí èmi po.

Àbúrò mi kan bi mí pé ṣebí ọsàn wẹ́wẹ́ náà kan, kí ló dé tí kò wá dáa? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan jù, pH ẹ̀ wà nítòsí 2, ó ń bó awọ inú ibẹ̀ ni, awọ tó bó yẹn sì ni HIV àtàwọn àrùn ìbálòpọ̀ míì ń bá wọlé. Gbogbo nǹkan tó bá ń jẹ́ kí abẹ́ gbẹ kó há, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wọ́n ń dá egbò wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó bá ní dandan kí abẹ́ há kóun tó gbádùn, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo sọ yìí.

Àwọn nǹkan míì wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, pH ẹ̀ ju 7 lọ, àtọ̀ ọkùnrin náà wà láàárín 7.2 sí 8, torí náà lẹ́yìn nǹkan oṣù tàbí ìbálòpọ̀ tí kò sí kọ́ńdọ̀mù, ibẹ̀ ò ní kan mọ́ fúngbà díẹ̀ kó tó padà sípò. Ó máa padà fúnra ẹ̀. Oògùn apabakitéríà tún ń dá nǹkan rú púpọ̀, kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn tí èèyàn ń dá rà tí ọ̀fun bá ń dùn ún tàbí tí ara ẹ̀ bá ń gbóná, kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, ó ń pa gbogbo wọn ni, yíìsì, tí òun kì í ṣe bakitéríà tí oògùn yẹn ò sì lè pa, á wá gbilẹ̀, lọ́jọ́ mélòó kan abẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún.

Ti "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣàn" ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín ò ní dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn ìṣòro abẹ́ tí à ń sọ yìí, èèyàn kì í kó wọn lórí ṣáláńgá tàbí wọ́tà sísítẹ̀mù, nǹkan tó wà nílẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kì í fò sókè wọnú èèyàn. Ẹ fọ ilé ìyàgbẹ́ yín torí ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó wà nílé ìwé tí wọ́n ń di ìtọ̀ mọ́ra látàárọ̀ torí ẹ̀rù tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ibi ìtọ̀ ni wọ́n ń kó àìsàn sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tọ̀.

Bí mo ṣe ń fọ abẹ́ mi báyìí nìyí. Mo kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Omi tí mò ń lò ò gbóná, ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó pàdé, ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn, tẹ́ ẹ bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ lò, tàbí omi tútù tó bá wù yín. Mo máa ń fi ọwọ́ bu omi sí ìta, ibi tí irun wà àti láàárín àwọn ètè rẹ̀ méjèèjì, mo máa ń fi ìka nù ún jẹ́jẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ìdí ló máa ń gbẹ̀yìn. Mi ò ti ìka bọnú. Mi ò lo kànhìnkànhìn. Ọṣẹ ò pọn dandan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ọṣẹ, èyí tí kò ní lọ́fínńdà ni, díẹ̀, níbi tí irun wà nìkan, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì tí ooru bá mú. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi tówẹ̀lì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, mi ò fi gbo ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Tẹ́ ẹ bá yàgbẹ́, iwájú lọ sẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ nùdí, kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin yín láti kékeré. Pátá olówùú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sá a sínú oòrùn, ẹ má sá a sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ nítorí ojú èèyàn, tẹ́ ẹ bá ń tijú ẹ ta aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, oòrùn á dé ibẹ̀. Jíǹsì tó fún pinpin tẹ́ ẹ wọ̀ jókòó sórí ọ̀kadà láti Adó dé Ọ̀yẹ́ nínú ooru oṣù kẹta, tẹ́ ẹ bá délé ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ ró ìró, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè sùn láìwọ pátá ẹ sùn bẹ́ẹ̀. Páàdì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà bí kò tiẹ̀ kún, tó bá sì jẹ́ aṣọ lẹ ń lò, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ nínú oòrùn kẹ́ ẹ tó tún un lò. Èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí, ẹ yẹra fún un.

Ó wá ku ti ìgbà tí nǹkan bá ti dàrú tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀, wọn ò sì jọra, ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù torí oògùn kan náà là ń lò fún gbogbo wọn.

Tí omi tó ń jáde bá ṣàn, tó funfun bí eérú, tó ń rùn bíi ẹja, tí òórùn yẹn sì ń le sí i lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí nígbà nǹkan oṣù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yún yín, ó jọ èyí tí wọ́n ń pè ní BV, ìyẹn bacterial vaginosis. BV kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo tó wọlé, ìlú ló dàrú, Lactobacillus ti dín kù, Gardnerella àtàwọn bakitéríà míì tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ti gba ibẹ̀, pH ti ju 4.5 lọ. Òun ló ṣe èmi. Èyí tó ń yún yín ṣáá, tí ìta ibẹ̀ pọ́n tó wú, tí ìtọ̀ ń ta ibẹ̀, tí omi ẹ̀ ki bíi wàrà tó dì tí kò sì rùn, yíìsì nìyẹn, Candida lorúkọ ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin obìnrin ló máa ní in ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, pH ìyẹn kì í sábà yí padà. Ẹ̀kẹta ni trichomonas, kòkòrò kan ni, ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń kó o, omi ẹ̀ máa ń jẹ́ yẹ́lò tàbí bí ewéko, ó lè máa hó, ó lè rùn, ó lè yún, tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ lo oògùn ẹ̀ pa pọ̀. Àmì wọn máa ń wọnú ara wọn, ojú nìkan ò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Bí ìrora bá wà nísàlẹ̀ ikùn, tí ibà bá wà níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lásìkò tí kò yẹ, tàbí tẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ má dúró nílé, ẹ lọ sọ́síbítù lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti stáfù. Ilé àyẹ̀wò kan ni mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n fi òwú gba omi lábẹ́ mi, lọ́jọ́ kẹta wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo ní Staphylococcus. Ẹni tó ni kẹ́mísìtì tó wà nítòsí ní abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni. Mo gbà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, stáfù. Abẹ́rẹ́ míì. Owó tí mo ná sórí ìwé yẹn ì bá ra maṣíìnì ìránṣọ fún mi, àtìyá àtọmọ ni wọ́n sì ti ń pè mí ní ẹni tí stáfù fẹ́ jẹ ilé ọmọ ẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣàlàyé fún mi ni pé stáfù ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó wà nínú imú, ó wà lára awọ, ẹ ó rí i lábẹ́ àwọn tí nǹkan kan ò ṣe náà, rírí tí wọ́n rí i nìkan kì í ṣe àìsàn. Mo ń jà pẹ̀lú ẹni tí kò bá mi jà, apabakitéríà tí mò ń gbà sára sì ń pa àwọn tó yẹ kó gbà mí.

Torí náà tẹ́ ẹ bá délé ìwòsàn, ìbáà ṣe hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tàbí ọsibítù ńlá bíi èyí tó wà ní Adó àti ní Ìdó, ẹ bi wọ́n léèrè: ẹ jọ̀ọ́, ẹ lè wọn pH ẹ̀, ẹ lè wò ó lábẹ́ maikirosíkópù lójú ẹsẹ̀? Láti 1983 ni wọ́n ti ń lo àmì mẹ́rin tí dókítà Amsel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ là kalẹ̀ fún BV, mẹ́ta nínú ẹ̀ ti tó: kí omi ẹ̀ ṣàn kó sì rí bákan náà, kí pH ju 4.5 lọ, kó rùn bíi ẹja tí wọ́n bá kán kẹ́míkà potassium hydroxide sí i, àti kí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì awọ tí bakitéríà ti bò létí títí, clue cell ni wọ́n ń pè é. Bébà pH yẹn ni nọ́ọ̀sì fi kan omi abẹ́ tèmi, ó kàn yí àwọ̀ ni, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí rẹ̀, ó fi hàn mí, ó ju 5 lọ. Ọdún méjì tí mo ti ń sáré kiri, ìṣẹ́jú kan ni. Mo sunkún níbẹ̀.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ fún BV ni metronidazole, èyí táwọn èèyàn mọ̀ sí Flagyl, 400 tàbí 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7, ẹ lò ó tán o, ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kẹta torí òórùn ti lọ, ìwé inú páálí ẹ̀ sì ní kẹ́ ẹ yẹra fún ọtí, ẹmu náà wà nínú ẹ̀. Kírímù clindamycin náà wà, àmọ́ epo inú ẹ̀ máa ń sọ kọ́ńdọ̀mù di ẹlẹgẹ́. Flagyl ò ṣe nǹkan kan fún yíìsì, ìyẹn ni clotrimazole tí wọ́n ń fi sábẹ́ wà fún, tàbí fluconazole 150 mg ẹyọ kan, aboyún ò gbọdọ̀ lo fluconazole yìí. Ẹni tí yíìsì bá ń mú lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan, kó lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Ẹ má ra oògùn àdàlù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ẹ ò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àtèyí tó ń ba nǹkan jẹ́ nínú ẹ̀.

BV máa ń padà wá. Ó lé ní ìdajì àwọn tó lo oògùn ẹ̀ tó máa tún rí i láàárín ọdún kan, èmi náà rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, torí náà tó bá padà ẹ má rò pé ẹnì kan ló ń ṣe yín. Ibí ni ọ̀rọ̀ ọkọ ti wọlé. Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà gbé ìwádìí jáde lórí tọkọtaya 164 tí ìyàwó ní BV. Apá kan, ìyàwó nìkan ni wọ́n tọ́jú. Apá kejì, wọ́n tọ́jú ọkọ náà, ó lo metronidazole 400 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó tún ń fi kírímù clindamycin pa nǹkan ọmọkùnrin ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ 7. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12, ó padà wá bá nǹkan bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn obìnrin tí wọn ò tọ́jú ọkọ wọn, 35 péré ló padà wá bá lára àwọn tí wọ́n tọ́jú ọkọ. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀! Àwọn bakitéríà yẹn ń sá pamọ́ sára ọkùnrin láìṣe é ní nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un, mo mọ̀ pé kò rọrùn, torí tó bá gbọ́ "ìnfẹ́kṣàn" ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé ẹ ti yan àlè. Mo dúró kó jẹun tán, kí àwọn ọmọ sùn, mo ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Àìsàn tó ń ṣe mí yìí kì í ṣe àtọ̀sí, n kò bá ẹnikẹ́ni sùn, èmi náà ò fura sí yín. Bakitéríà abẹ́ mi ló dàrú, díẹ̀ nínú ẹ̀ lè wà lára yín tí ẹ ò ní mọ̀. Mo fẹ́ ká jọ lọ rí dókítà." Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ìgbà wo?" Títí tẹ́ ẹ máa fi parí oògùn, ẹ sinmi ìbálòpọ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo kọ́ńdọ̀mù. Nǹkan tí wọ́n bá fi wọ ìdí, kí wọ́n má fi wọ abẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ láìfọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin aboyún, BV lè jẹ́ kí ọmọ wáyé kí oṣù ẹ̀ tó pé, tẹ́ ẹ bá rí àmì ẹ̀ ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá lọ fún àǹtínétà. Ẹ̀yin ìyá wa tí nǹkan oṣù yín ti dá, estrogen ti lọ sílẹ̀, oúnjẹ àwọn bakitéríà yẹn ti dín kù, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń gbẹ tó ń ta yín, oògùn kírímù wà tí dókítà lè kọ fún yín, kì í ṣe ọjọ́ orí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fara dà.

Ẹ̀yin tó ń béèrè yúgọ́ọ̀tì, ẹ mu ún, oúnjẹ rere ni, ẹ mu ògì náà, ṣùgbọ́n ẹnu ni kó bá wọlé. Àwọn Lactobacillus tó wà nínú wàrà àti ògì kì í ṣe àwọn tó ń gbé abẹ́ gan-an, ilé ò jọra, ẹ má bu omidùn sábẹ́ torí mo fi ògì ṣàpẹẹrẹ o!

Èyí tó kù ni ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Lọ́dún tó kọjá àbúrò mi bímọ ní Ìkẹ́rẹ́, yèyé wa ti gbé ìkòkò omi kaná kí n tó dé, èéfín ń rú lórí ẹ̀, ìgò apakòkòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àbúrò mi ti ń wò mí lójú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Yèyé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí ìyẹn." Wọ́n ní omi gbígbóná ni wọ́n fi tọ́jú ara wọn lórí gbogbo wa, kí ló ṣe wọ́n? Mo ní òótọ́ ni, Ọlọ́run ló kó wọn yọ, mo ti rí ìyá ọmọ tí ìdí ẹ̀ bó torí omi náà gbóná jù, ojú ibi tí wọ́n rán tú sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò lè jókòó. Mo ṣàlàyé ti ògì fún wọn, àwọn tó ń ta ògì nígbà èwe wọn. Wọ́n gbọ́ ọ kíá ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n gbé ìgò apakòkòrò lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé omi náà lọ sílé ìwẹ̀, wọ́n bu omi tútù sí i, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n tún bù sí i, wọ́n ní kí n ti ọwọ́ tèmi bọ̀ ọ́ wò.

"Ó tó báyìí?"

"Ó tó, yèyé."

Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ àbúrò mi ni wọ́n fi wẹ̀ fún un, ìta abẹ́ ẹ̀ ni òun fúnra ẹ̀ fi ọwọ́ bu díẹ̀ sí, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ó lọ fún ọmọ lọ́mú.